Bí a ṣe ń lo àwòrán 3D fún orí àti ojú tí kò dàgbà bó ṣe yẹ: láti orí síkáànù dé tábìlì iṣẹ́ abẹ

Tí wọ́n bá bí ọmọ pẹ̀lú ètè tàbí àjà ẹnu tó là, agbárí tó tètè dì, párì tó kéré lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tàbí ihò ojú méjì tó jìnnà síra jù, fíìmù X-ray lásán kì í sọ gbogbo òótọ́ fún wa. Fíìmù a to ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún lé ẹ̀gbẹ́ òsì lórí bí ẹni pé ọ̀kan ni wọ́n. Ojú tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì kò dọ́gba ni irú fíìmù bẹ́ẹ̀ sì ń tàn wá jẹ lórí rẹ̀ jù. Àwòrán 3D ya ẹ̀gbẹ́ méjèèjì sọ́tọ̀. Ó jẹ́ ká wọn gígùn, jíjìn àti ìwọ̀n àyè, ó sì jẹ́ kí oníṣẹ́ abẹ gé eegun lórí kọ̀ǹpútà kó tó gé e lára ọmọ.

Àwọn tó ń ya àwòrán, àwọn dókítà eyín, oníṣẹ́ abẹ àti akẹ́kọ̀ọ́ tó ń bá wọn ṣiṣẹ́ la kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún. Òfin kan ló gba inú gbogbo rẹ̀ kọjá: ègé tẹ́ẹ́rẹ́ tí síkáànù gé ni ẹ̀rí. Orí tó ń yí lójú kọ̀ǹpútà jẹ́ ohun tí sọ́fúwíà fi àwọn ègé wọ̀nyẹn mọ. Bí ègé bá bàjẹ́, orí náà á ṣì máa dán, á ṣì rẹwà, á sì máa purọ́.

1. Ìbéèrè ló ń ṣáájú ẹ̀rọ

Kí ẹ tó fi orúkọ ọmọ sílẹ̀ fún síkáànù, ẹ kọ ohun tí ẹ fẹ́ mọ̀ ní gbólóhùn kan. Ṣé ojú ìsopọ̀ eegun tó wà láàárín òkè orí ti dì, ó sì dì dé ibo? Báwo ni àlàfo inú èrìgì ṣe tóbi tó, níbo sì ni eyín ṣóńṣó tí kò tíì hù wà? Ibo ni iṣan ìmọ̀lára gbà nínú párì ìsàlẹ̀, ṣé àyè wà fún síkúrù? Bí ẹ kò bá rí ìbéèrè tí ìdáhùn rẹ̀ máa yí ìtọ́jú padà, ẹ má ya á. Ara ọmọdé kò lè fara da ìtànṣán tó ti àgbà, ọjọ́ tó wà níwájú rẹ̀ láti fi gbé ìpalára náà sì pọ̀. Ọmọ tí orí tàbí ojú rẹ̀ ní ìṣòro kì í gba síkáànù ẹyọ kan lásán. Títí yóò fi dàgbà ni wọ́n á máa yà á. Àpapọ̀ gbogbo rẹ̀ ni kí ẹ máa rò.

Ẹ wo ọmọ tí ẹ̀yìn orí rẹ̀ pẹlẹbẹ lápá kan. Ẹ dúró sókè orí rẹ̀, kí ẹ wò ó láti òkè. Bí etí ẹ̀gbẹ́ tó pẹlẹbẹ bá sún síwájú, tí iwájú orí lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan náà sì yọ síta díẹ̀, bó ṣe ń sùn ló fà á, kò nílò CT (síkáànù tó ń fi X-ray ya orí ní ègé-ègé) rárá. Àmọ́ bí ẹ bá wò ó láti ẹ̀yìn tí ìsàlẹ̀ agbárí dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tí eegun ẹ̀yìn etí sì wú lápá tó pẹlẹbẹ, ẹ fura pé ojú ìsopọ̀ ẹ̀yìn orí, ìyẹn lambdoid, ti dì. Ojú àti ọwọ́ dókítà ló ń ṣe ìyàtọ̀ yìí. Ibi pẹlẹbẹ la ti ń mú ọ̀ọ̀lẹ̀ jẹ: ẹ jẹ́ kí àyẹ̀wò tí kò ní ìtànṣán ṣáájú.

2. Ẹ̀rọ tó bá ìbéèrè mu

*CT* la máa ń lò fún agbárí, ihò ojú àti ìsàlẹ̀ ọpọlọ. Ó yára, ìwọ̀n Hounsfield (HU) rẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà tó ń sọ bí ohun kan ṣe ki tó, ṣeé gbára lé, ó sì ń fi eegun àti ẹran ara hàn pa pọ̀. Ìtànṣán ni ìṣòro rẹ̀: síkáànù orí kan lè tó nǹkan bíi 2 mSv (òṣùwọ̀n ìtànṣán), ṣùgbọ́n tí a bá dín agbára rẹ̀ kù nítorí pé eegun nìkan la fẹ́ rí, ó lè wá sábẹ́ 1 mSv.

*CBCT*, ẹ̀rọ tí ìtànṣán rẹ̀ ń jáde bíi kọ́ọ̀nù tó sì ń yí orí ká, ló dára jù fún eyín, párì àti àlàfo inú èrìgì. Voxel rẹ̀, ìyẹn ẹyọ kékeré jù lọ tí a fi kọ́ àwòrán 3D, sábà máa ń jẹ́ 0.2 sí 0.4 mm. Aláìsàn gbọ́dọ̀ dúró jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá 10 sí 40, èyí sì ni ọ̀pọ̀ ọmọ tí kò tíì tó ọdún 6 kò lè ṣe. Àwọ̀ eérú inú CBCT kì í ṣe HU, nítorí náà ẹ má ṣe gbé nọ́ńbà tí ẹ ń lò fún CT wá síbẹ̀. Ẹran ara kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ hàn nínú rẹ̀.

*MRI*, tó ń fi òòfà ya àwòrán, kò ní ìtànṣán. Bí ọpọlọ tàbí awọ rẹ̀ bá gba ihò eegun yọ síta sí ibi imú, CT á fi etí ihò náà hàn yín, ṣùgbọ́n MRI ló máa sọ ohun tó wà nínú àpò náà. Ẹ má fi orí 3D eegun nìkan wọ iṣẹ́ abẹ irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà kan tún wà tí MRI fi ń sọ eegun di dúdú kí ojú ìsopọ̀ lè hàn. Ó wúlò, àmọ́ afẹ́fẹ́ náà dúdú bákan náà, nítorí náà ibi tí ihò afẹ́fẹ́ bá wà nítòsí imú máa ń ṣòroó yà sọ́tọ̀.

*Ultrasound*, tó ń fi ìró ya àwòrán, ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan tí ẹ fura pé ojú ìsopọ̀ orí rẹ̀ ti dì. Ẹ lo orí ẹ̀rọ tó tẹ́, tó jẹ́ 7.5 MHz tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ẹ gbé e dábùú ojú ìsopọ̀ náà. Èyí tó ṣí a hàn bí àlàfo dúdú láàárín etí eegun funfun méjì; èyí tó dì a hàn bí ìlà funfun tí kò já. Bó bá ṣí kedere láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, CT ti di ohun tí a kò nílò mọ́.

*Fọ́tò 3D*, tí kámẹ́rà mélòó kan ń yà pa pọ̀ láàárín ìdá kékeré nínú ìṣẹ́jú àáyá kan, ń ka awọ ara nìkan. A lè tún un yà bó ṣe wù wá, nítorí náà òun ló yẹ fún títẹ̀lé ètè, imú àti bí orí ṣe ń rí bí ọmọ ṣe ń dàgbà. Irun, inú ihò imú, ẹ̀yìn etí àti abẹ́ àgbọ̀n ni ibi tó ti máa ń kùnà. Ẹ fi fìlà náílọ́ọ̀nù tó fún mọ́ orí tẹ irun mọ́lẹ̀. Fóònù tó ń ya 3D dára fún wíwo bí nǹkan ṣe rí lápapọ̀. A kò ní fi ṣe ohun tí a máa kàn mọ́ eegun.

3. Mímúra ọmọ sílẹ̀

Ọmọ tí kò tíì ju oṣù mẹ́ta lọ kì í sábà nílò oògùn oorun. Kí ó dé pẹ̀lú ebi, kí ìyá rẹ̀ fún un lọ́mú ní nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ṣáájú, kí a fi aṣọ wé e dáadáa, kí a pa iná yàrá, ká sì dúró títí yóò fi sùn. CT ìgbàlódé kò ju ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ lọ. Sùúrù ni gbogbo iṣẹ́ náà, ó sì sàn ju kí a kánjú fún un lóògùn.

Ọmọ tí párì rẹ̀ kéré tó sì fà sẹ́yìn, bíi ti àwọn ìṣòro àbínibí tí a ń pè ní Pierre Robin tàbí Treacher Collins, ni kí ẹ ṣọ́ra fún jù lọ. Bó bá dùbúlẹ̀ ní ẹ̀yìn rẹ̀, ahọ́n lè ṣubú sẹ́yìn kó dí ọ̀nà èémí, oògùn oorun á sì tún dá kún un. Kò gbọ́dọ̀ sí oògùn kankan fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ láìsí dókítà akunnilóorun nínú yàrá. Fún ọmọ tí a máa kùn lóorun, ààwẹ̀ tí a sábà ń tẹ̀ lé ni wákàtí 6 fún oúnjẹ tàbí wàrà inú agolo, wákàtí 4 fún ọmú ìyá, àti wákàtí 2 fún omi lásán. Dókítà náà ló ní ọ̀rọ̀ ìkẹyìn.

Ẹ yọ yẹtí, ìlẹ̀kẹ̀ irun, àti wáyà eyín tó bá ṣeé yọ. Irin a máa ju ìlà funfun káàkiri inú ègé, gbogbo eyín á sì bàjẹ́ lójú àwòrán. Ẹ má fi bẹ́líìtì tàbí ìgbá-àgbọ̀n tẹ awọ ojú; fi fóòmù gbá orí mú láti ẹ̀gbẹ́. Kí ètè wà ní pípanupọ̀ láìfipá mú un, kí ojú wà ní pípadé. Bó bá jẹ́ pé párì la fẹ́ ṣètò, ẹ fi ìda pẹlẹbẹ tín-ínrín sáàárín eyín òkè àti ìsàlẹ̀ kí párì má bàa sún kúrò níbi tí oríkèé rẹ̀ fẹ́ kó wà. Ọmọ tó gé ìda náà jẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nígbà tí a ń yà á ti sọ ètò tó ń bọ̀ di asán, nítorí gbogbo ìwọ̀n tí ẹ máa mú láàárín òkè àti ìsàlẹ̀ á wọ́.

4. Ètò inú CT

Ìwọ̀nyí ni ohun tí a máa ń kọ ránṣẹ́ sí ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ:

- Kí ègé jẹ́ 0.5 sí 0.625 mm, kó má ju 1 mm lọ. Bó bá jẹ́ 1 mm, kí a tò wọ́n ní 0.5 mm síra kí wọ́n lè borí ara wọn.
- Kí ẹ̀rọ má tẹ̀ rárá: igun 0. Orí tí a yà pẹ̀lú ẹ̀rọ tó tẹ̀ lè dà bí èyí tí atẹ́gùn gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nínú sọ́fúwíà míì.
- Mátíríìsì 512 × 512, ìyẹn iye ẹyọ (pixel) tí ègé kan pín sí. Bí àyè àwòrán bá fẹ̀ tó 20 cm, pixel kọ̀ọ̀kan jẹ́ 0.39 mm, bó bá jẹ́ 25 cm, ó di 0.49 mm. Ẹni tó bá fi àyè 50 cm ya orí ọmọ ti sọ ọ́ di nǹkan bíi 1 mm láìmọ̀.
- 80 sí 100 kV (agbára X-ray) fún ọmọdé, pẹ̀lú ètò tó ń dín iná kù fúnra rẹ̀.
- Kí àyè bẹ̀rẹ̀ látòkè orí dé ìsàlẹ̀ àgbọ̀n bí párì bá wà nínú ìbéèrè. Bí agbárí nìkan bá ni, ẹ má tan ìtànṣán sí ọrùn.
- Kí a ṣe é lọ́nà méjì láti inú síkáànù kan ṣoṣo: ti eegun, tó mú, àti ti ẹran ara, tó rọ̀.

Lórí èyí tó kẹ́yìn yìí, ọ̀pọ̀ ń ṣe é lódì. Èyí tó mú ni kí ẹ fi máa ka ojú ìsopọ̀ nínú ègé. Èyí tó rọ̀ ni kí ẹ fi mọ orí 3D, nítorí pé ariwo inú èyí tó mú a máa gbẹ́ ihò kéékèèké sára eegun tí ó lera.

Oògùn tó ń jẹ́ kí iṣan ẹ̀jẹ̀ hàn kò pọn dandan, àyàfi bí a bá fẹ́ ṣí ẹ̀yìn agbárí ọmọ tó ní Crouzon, Apert tàbí irú wọn, ìyẹn àwọn àìsàn àbínibí tí ojú ìsopọ̀ orí ti ń dì ṣáájú àkókò. Nínú àwọn ọmọ wọ̀nyí, ẹ̀jẹ̀ ọpọlọ lè máa gba àwọn iṣan ńlá tó la eegun kọjá jáde, oníṣẹ́ abẹ tí kò sì mọ ibi tí wọ́n wà lè gé wọn.

5. Gbígba fáìlì

Ẹ béèrè fún DICOM gidi, irú fáìlì tí ẹ̀rọ síkáànù fúnra rẹ̀ ń kọ, ègé tẹ́ẹ́rẹ́, láìfún un pọ̀ lọ́nà tó ń sọ nǹkan nù. Fọ́tò ojú kọ̀ǹpútà kò wúlò fún ohunkóhun níhìn-ín. Ọ̀nà tó yá jù láti mọ̀ bóyá wọ́n fi ohun tó tọ́ ránṣẹ́ ni kí ẹ ka ègé: orí tó ga tó 20 cm, tí ègé rẹ̀ jẹ́ 0.5 mm síra, yẹ kó ní 400. Bó bá jẹ́ 40 lẹ bá níbẹ̀, ègé 5 mm tí wọ́n ń kó pa mọ́ ni wọ́n fi ránṣẹ́, àwọn tẹ́ẹ́rẹ́ ṣì lè wà nínú ẹ̀rọ fún ọjọ́ díẹ̀. Ẹ tètè pè wọ́n.

Yíyọ orúkọ kúrò nínú fáìlì kò tó láti pa àṣírí ọmọ mọ́. Awọ ojú tí a fi CT mọ, ojú ọmọ náà gan-an ni. Ẹni tó mọ̀ ọ́n á dá a mọ̀. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Ẹ tọ́jú àwòrán náà bí ẹ ṣe ń tọ́jú orúkọ.

6. Ègé kọ́kọ́, orí lẹ́yìn

Ẹ la ègé kọjá lọ́nà mẹ́ta: láti òkè wálẹ̀, láti iwájú sẹ́yìn, láti ọ̀tún sósì. Ohun àkọ́kọ́ tí ẹ ń wá ni bóyá ọmọ mira. Etí eegun á ní ìlà méjì, tàbí kí àtẹ̀gùn hàn yí gbogbo agbárí ká ní ìpele kan náà. Nínú orí 3D, àtẹ̀gùn yìí a máa jọ eegun tó ṣẹ́ tàbí ojú ìsopọ̀ tí kò sí.

Lẹ́yìn èyí, ẹ tẹ̀ lé ojú ìsopọ̀ kọ̀ọ̀kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ègé tó nípọn a máa da eegun méjì tó súnmọ́ra pọ̀, á sì jọ pé ojú ìsopọ̀ ti dì nígbà tí kò tíì dì. Òdìkejì rẹ̀ náà wà: afárá eegun kékeré kan, tí kò gùn ju sẹ̀ǹtímítà kan lọ, tó láti dá ìdàgbàsókè gbogbo ojú ìsopọ̀ náà dúró, orí 3D tí a ti dán jù sì lè má fi hàn. Ẹ wo inú agbárí náà. Àwọn kòtò tó dà bí ẹni pé àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ lè tọ́ka sí ìfúnpá nínú orí, pàápàá bí wọ́n bá tàn kálẹ̀, àmọ́ a máa ń rí díẹ̀ nínú wọn lára ọmọ tí ara rẹ̀ dá, nítorí náà wọn kò tó ẹ̀rí fúnra wọn.

Ìgbà yìí ni orí 3D tó wúlò, nítorí pé bí orí ṣe rí gbọ́dọ̀ bá ojú ìsopọ̀ tí ẹ sọ pé ó dì mu. Láti 1851 ni Rudolf Virchow, dókítà ará Jámánì, ti ṣàlàyé rẹ̀: agbárí kì í lè fẹ̀ sí ìhà tó dábùú ojú ìsopọ̀ tó dì, á wá gùn sí ìhà kejì. Bí sagittal, tó gba àárín òkè orí, bá dì, èyí tó wọ́pọ̀ jù, orí á gùn láti iwájú sẹ́yìn, á sì tẹ́ẹ́rẹ́. Bí coronal, tó dábùú orí láti ẹ̀gbẹ́ dé ẹ̀gbẹ́, bá dì lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, iwájú orí ẹ̀gbẹ́ yẹn á tẹ́, igun òkè òde ihò ojú rẹ̀ á fà sókè, ìdí imú á sì tẹ̀ sí i. Bí metopic, tó wà láàárín iwájú orí, bá dì ṣáájú àkókò, iwájú orí á ṣe ṣóńṣó bí ìdí ọkọ̀ ojú omi, ojú méjèèjì á sì súnmọ́ra.

Metopic yìí ló ń kó àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ sí wàhálà jù. Ó máa ń dì fúnra rẹ̀ láàárín ọdún àkọ́kọ́. Ọmọ oṣù mẹ́sàn-án tí metopic rẹ̀ ti dì, tí iwájú orí rẹ̀ sì yípo dáadáa, kò ní àìsàn kankan. Kò sí ẹni tó yẹ kó gbé ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ sí tábìlì.

Fún párì tó kéré lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ìpín tí dókítà eyín Pruzansky ṣe ní 1969, tí Kaban àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá pín ipò kejì rẹ̀ sí méjì, la ṣì ń lò. Nínú I, gbogbo ẹ̀yà párì pé, wọ́n kàn kéré ni. IIA: apá òkè párì kúrú, kò sì rí bó ṣe yẹ, àmọ́ oríkèé rẹ̀ wà níbi tó ṣeé lò. IIB: oríkèé náà ti sún wọnú, síwájú, kò sì wúlò. III: apá òkè párì àti oríkèé kò sí rárá. Ìyàtọ̀ IIA sí IIB ló ń sọ bóyá a máa fa eegun tó wà gùn ni tàbí a máa kọ́ tuntun láti ara eegun ìhà, inú 3D la sì ti ń rí i kedere: ẹ yọ párì sọ́tọ̀, kí ẹ wo ihò oríkèé láti ìsàlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì.

7. Yíyọ eegun jáde nínú ègé

Sọ́fúwíà ọ̀fẹ́ bíi 3D Slicer àti ITK-SNAP tó láti kọ́ iṣẹ́ náà àti láti fi ṣe ìwádìí. Ohun tó máa wọ yàrá iṣẹ́ abẹ gbọ́dọ̀ gba inú sọ́fúwíà tí òfin ìlú yín fọwọ́ sí kọjá.

Ẹ fi ààlà HU bẹ̀rẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà tí sọ́fúwíà máa ka ohun tó bá jù ú lọ sí eegun. Fún àgbà, 226 ni ọ̀pọ̀ sọ́fúwíà fi ń bẹ̀rẹ̀. Eegun ọmọ ọwọ́ kò tíì le tó bẹ́ẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 150 sí 200. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e sókè pẹ̀lú 50, kí ẹ gbé e wálẹ̀ pẹ̀lú 50, kí ẹ máa wo etí eegun nínú ègé. Bí ààlà bá ga jù, eegun á rù, iwájú párì òkè àti ìsàlẹ̀ ihò ojú á lu bí ajere. Àwọn ihò yẹn kì í ṣe òótọ́. Eegun ibẹ̀ ló tẹ́ẹ́rẹ́ ju voxel lọ. Bí ààlà bá rẹlẹ̀ jù, ẹran á lẹ̀ mọ́ eegun, orí párì á sì dà pọ̀ mọ́ ihò oríkèé rẹ̀, ẹ ó sì ní láti fi ọwọ́ yà wọ́n ní ègé kan tẹ̀ lé òmíràn. Kò sí bọ́tìnnì tó ń ṣe é dáadáa.

Ẹ yọ tábìlì, fóòmù àti ọ̀pá èémí kúrò. Ibi tí ẹ bá fi ọwọ́ dí nínú eegun tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ fi àwọ̀ mìíràn kùn ún, kí oníṣẹ́ abẹ lè mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ yà á, kì í ṣe síkáànù. Dídán ojú rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju 0.5 sí 1 mm lọ. Kí ẹ tó fi pamọ́, ẹ gbé etí orí 3D náà padà sórí ègé: bí ìlà rẹ̀ bá kúrò lára etí eegun ju voxel kan lọ, ẹ tún un ṣe.

8. Títo orí àti wíwọn

Orí tí a kò tò tọ́ a máa sọ ojú tó dọ́gba di èyí tó wọ́. Ìlà Frankfort, tí wọ́n fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní 1884, so etí òkè ihò etí méjèèjì pọ̀ mọ́ etí ìsàlẹ̀ ihò ojú òsì. Ó ń ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Àmọ́ nínú ọmọ tí párì àti etí rẹ̀ kéré lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ihò etí ẹ̀gbẹ́ yẹn lè wà nísàlẹ̀ tàbí kó máà sí rárá. Bí ẹ bá tò ó pẹ̀lú Frankfort, ẹ ti fi àìsàn náà ṣe òṣùwọ̀n. Fún irú èyí, ẹ lo ìsàlẹ̀ ọpọlọ: nasion (ìdí imú lórí eegun) níwájú, sella (kòtò kékeré inú ìsàlẹ̀ agbárí) láàárín, basion (etí iwájú ihò ńlá ìsàlẹ̀ agbárí) lẹ́yìn, ìyẹn á fún yín ní àárín gbùngbùn tí àìsàn kò tíì yẹ̀.

Ẹ fi ojú àmì, ìyẹn àwọn ibi tí a máa ti wọn nǹkan, sí i nínú ègé, kí ẹ tó tún un wò lórí 3D. Ẹni kan náà gbọ́dọ̀ ṣe é lẹ́ẹ̀mejì, kó fi ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì sáàárín. Àmì tó bá sún ju 1 mm lọ láàárín ẹ̀ẹ̀mejì kò yẹ ní àmì tí a ń gé eegun lé lórí.

Àwọn ìwọ̀n tí a máa ń mú jù nìyí. Fún orí tó gùn: fífẹ̀ orí pín sí gígùn rẹ̀, kí ẹ sì fi 100 sọ ọ́ di púpọ̀, ọ̀pọ̀ ọmọ wà láàárín 75 sí 85, orí tí sagittal rẹ̀ dì sì sábà máa ń wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Fún orí tó wọ́: ẹ wọn ìlà dábùú méjèèjì, láti iwájú ọ̀tún sí ẹ̀yìn òsì àti òdìkejì rẹ̀, ẹ yọ kékeré kúrò nínú ńlá, ẹ pín in sí ńlá, kí ẹ fi 100 sọ ọ́ di púpọ̀, 3.5 lọ sókè la ń pè ní orí tó wọ́. Fún ihò ojú tó jìnnà síra, láti dacryon (igun inú ihò ojú lẹ́bàá imú) sí dacryon lórí eegun, ẹ má wọn awọ. Lára àgbà, Tessier, oníṣẹ́ abẹ ará Faransé, ka 30 mm sí ìbẹ̀rẹ̀ àìsàn, ó sì ka ohun tó lé ní 40 mm sí èyí tó le jù.

9. Ṣíṣètò iṣẹ́ abẹ

*Àlàfo inú èrìgì.* Àkókò gbígbin eegun sábà máa ń wà láàárín ọdún 8 sí 11, nígbà tí gbòǹgbò eyín ṣóńṣó bá ti dé ìdajì sí ìdá méjì nínú mẹ́ta. Ẹ fi CBCT wọn ìwọ̀n àyè àlàfo náà: ààlà iwájú ni ibi tí eegun ẹ̀gbẹ́ kejì ì bá gbà, ààlà òkè ni ìsàlẹ̀ imú. Nọ́ńbà yìí ló ń sọ fún oníṣẹ́ abẹ iye eegun tó máa gbà lára eegun ìbàdí. Àlàfo náà sábà máa ń fẹ̀ sí i lókè, lẹ́bàá imú, ju bó ṣe hàn lẹ́nu lọ. Ibẹ̀ ni eegun kì í tó, tí ìdí imú yóò sì rì lẹ́yìn náà.

*Fífa párì gùn.* Ẹ fi àwọ̀ kun ọ̀nà iṣan ìmọ̀lára àti gbogbo eyín tí kò tíì hù nínú párì. Ẹ gé párì lórí kọ̀ǹpútà níbi tí ayùn kò ti ní kan ọ̀kankan nínú wọn, kí ẹ sún apá iwájú lọ sí ibi tí ẹ fẹ́, kí ẹ wo ọ̀nà tí ẹ̀rọ kékeré tí a ń kàn mọ́ apá méjèèjì máa gbà fà á díẹ̀díẹ̀. Igun ẹ̀rọ náà ṣe pàtàkì ju gígùn rẹ̀ lọ: bó bá yẹ̀ díẹ̀, eyín iwájú á ṣí sílẹ̀, kò ní pàdé mọ́. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ọmọ tó ti dàgbà díẹ̀ máa ń sinmi ọjọ́ 5 sí 7, kí a tó máa fa 1 mm lóòjọ́, ní 0.5 mm láàárọ̀ àti lálẹ́. Ti ọmọ tuntun yá ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí eegun rẹ̀ ń dì kíákíá. Ẹ̀rọ á wà níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 sí i kí eegun tuntun lè le.

*Dígí.* Bí ẹ̀gbẹ́ kan bá dára, ẹ yí i bí ojú inú dígí, kí ẹ gbé e lé èyí tó ní ìṣòro, ẹ ó sì rí iye eegun tó kù. Ó ṣiṣẹ́ dáadáa fún eegun ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti ihò ojú. Kò ṣeé lò nínú Treacher Collins, níbi tí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ti ní ìṣòro. Àti nínú párì tó kéré lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ yẹ ẹ̀gbẹ́ tí a ń pè ní dídára wò kí ẹ tó fi ṣe àwòṣe, torí pé ó ti sábà tẹ̀ bó ṣe ń gbìyànjú láti bá èkejì mu.

10. Títẹ àwòṣe àti ìtọ́sọ́nà ayùn

CT kò ka eyín kedere tó fún ohun tí a máa bu jẹ láàárín eyín. Ẹ fi síkáánà inú ẹnu ya eyín, kí ẹ so ó pọ̀ mọ́ eegun CT lórí ó kéré tán ibi mẹ́ta tó jìnnà síra, kí ẹ sì yẹ ibi ìsopọ̀ wò ní ègé.

Fáìlì STL, èyí tí a ń fi ránṣẹ́ sí ẹ̀rọ tó ń tẹ àwòṣe 3D, kò sọ irú òṣùwọ̀n tí nọ́ńbà inú rẹ̀ jẹ́. Nọ́ńbà lásán ló gbé, ẹ̀rọ tó gbà á ló ń rò ó bóyá mìlímítà ni. Párì tó jáde ní ìlọ́po 25.4 tàbí ìdá mẹ́wàá rẹ̀ ti wá láti ibí. Ẹ kọ "mm" sínú orúkọ fáìlì, kí ẹ sì gbẹ́ lẹ́tà tó ń fi ọ̀tún hàn sára àwòṣe fúnra rẹ̀ kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́, nítorí pé yíyí ọ̀tún padà sósì nínú sọ́fúwíà rọrùn jù, ẹnikẹ́ni kì í sì í rí i lára orí tó dọ́gba díẹ̀.

Ìpele 0.1 mm tó fún ọ̀pọ̀ àwòṣe. Nígbà tó bá jáde, ẹ mú kálípà, kí ẹ wọn ìlà mẹ́ta ní ìhà mẹ́ta, kí ẹ fi wọ́n wé ti ojú kọ̀ǹpútà. Ìyàtọ̀ tó bá ju 0.5 mm lọ túmọ̀ sí pé kí a tún un tẹ̀. Ìtọ́sọ́nà ayùn, ìyẹn ohun tí a ń gbé lé eegun kó lè darí ayùn, tó bá ń mì lórí àwòṣe á mì lára ọmọ. Bó bá jókòó dáadáa lórí àwòṣe tó wá mì lára ọmọ, ó lè jẹ́ pé ààlà HU ga jù nígbà tí a ń yọ eegun jáde, eegun gidi wá nípọn ju ti kọ̀ǹpútà lọ. Ẹ má gbé PLA, ike tí a sábà fi ń tẹ àwòṣe, sínú ẹ̀rọ tó ń fi ooru pa kòkòrò: ní nǹkan bíi 60 °C ló ti ń rọ̀, ẹ̀rọ náà sì ń lo 121 tàbí 134 °C. Resin (ike olómi tó ń dì) tí a ṣe fún ara ènìyàn ni kí ẹ lò, kí ẹ sì tún wọn ọ̀kan lẹ́yìn tó bá ti inú ooru jáde.

11. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ

Fún eegun tí a gbìn sínú èrìgì, CBCT ní nǹkan bí oṣù 6 ló ń sọ iye tó kù. Síkáànù tó yá ju bẹ́ẹ̀ lọ á ka eegun tí ara ṣì máa jẹ mọ́ èyí tó dúró. Fún agbárí, fọ́tò 3D máa ń tó, láìsí ìtànṣán, bí ọmọ náà bá ń dàgbà dáadáa tí kò sì sí àmì ìfúnpá.

Bí ẹ bá fẹ́ gbé àwòrán àtijọ́ lé tuntun, ẹ so wọ́n pọ̀ níbi tí iṣẹ́ abẹ kò dé tí kò sì dàgbà mọ́. Iwájú ìsàlẹ̀ ọpọlọ la máa ń lò láti nǹkan bí ọdún 7 sókè, nítorí pé ìdàgbàsókè ibẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí nígbà náà. Bí a bá so gbogbo orí pọ̀ mọ́ra, sọ́fúwíà á pín ìyàtọ̀ káàkiri, párì tó ti sún 8 mm á wá hàn bíi 4, iwájú orí tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn á sì hàn bí èyí tó yí padà. Àwọ̀ pupa àti búlúù tó ń fi ìyàtọ̀ hàn máa ń wọn ibi tó súnmọ́ jù, kì í ṣe ibi tí eegun náà ti kúrò gan-an; nítorí náà ẹ fi ojú àmì kan náà wọn ìsún párì lọ́tọ̀, kí ẹ kọ nọ́ńbà ìhà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú fáìlì ọmọ, pẹ̀lú ọjọ́, irú ẹ̀rọ, nípọn ègé, ààlà HU àti orúkọ ẹni tó fi àmì sí i. Ẹni tó máa ṣí fáìlì yẹn ní ọdún mẹ́wàá sí i, nígbà tí ọmọ náà bá tó fún iṣẹ́ abẹ párì ìkẹyìn, á nílò gbogbo rẹ̀.